Gbígbẹ́, Fífà àti Lílù: Ọ̀pá Ráífù Wo Ni Kí Ẹ Rà?

Bí ẹni méjì tó ń fi ráífù díje bá pàdé, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀kan á ní ọ̀pá tí wọ́n gbẹ́ ìlà inú rẹ̀ nìkan ni òun lè fọkàn tán. Èkejì á ní irọ́ ni, pé ọ̀pá bọ́tìnnì, èyí tí wọ́n fa ẹyọ irin líle gba inú rẹ̀ kí ìlà tó jáde, ni òun fi gba ife. Ẹnì kẹta tó ń gbọ́ wọn á yẹ ráífù ọdẹ tó gbé kọ́ èjìká wò, èyí tí wọ́n fi òòlù lù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Mo ti jókòó sí àárín irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mo sì ti ra oríṣi ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà fa ìlà kò tíì sọ bóyá ọta á bá ojú àmì. Ibi tí àléébù lè sá pamọ́ sí ló ń sọ, àti iye làálàá tí oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó lé e jáde. Ẹni tó bá mọ ibi tí àléébù ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń gbé, á mọ ohun tí ó máa bi olùtajà.

Ohun tí ọta ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pá

Inú ọ̀pá ráífù dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Poro wà, ebè wà láàárín poro kan sí èkejì, gbogbo wọn sì ń yí lọ láti ìdí ọ̀pá dé ẹnu rẹ̀. Ebè yìí ló ń di ọta mú tó ń mú un yí bí òkòtó, kí ó má baà máa ta òkìtì nínú afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀pá .308 (orúkọ yìí wá láti ìwọ̀n ìbú ọta rẹ̀ ní ínǹṣì), láti orí ebè dé orí ebè tó kọjú sí i jẹ́ 0.300 ínǹṣì, láti ìsàlẹ̀ poro dé ìsàlẹ̀ poro jẹ́ 0.308. Ìyẹn ni pé poro kan kò jìn ju 0.004 ínǹṣì lọ. Ìrun orí èèyàn kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú ìwọ̀n tíntín yìí ni gbogbo ìjà wà.

Nǹkan mẹ́ta ni ọta ń fẹ́. Àkọ́kọ́, kí ihò rí bákan náà láti òpin dé òpin. Tí yóò bá yàtọ̀ rárá, kí ó máa fún díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń sún mọ́ ẹnu, kò gbọdọ̀ máa fẹ̀. Ọta tó ti fún mọ́ ọ̀pá tó wá dé ibi tó tú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí ó tó jáde, ẹ̀tù tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀ á sì rí ọ̀nà yọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì, kí irin náà dúró síbi tó wà nígbà tó bá gbóná. Ẹ̀kẹta, kí etí ẹnu ìbọn mọ́, kí ó sì gún régé yípo, torí pé ibẹ̀ ni ọta ti ń fi ọ̀pá sílẹ̀. Bí atẹ́gùn gbígbóná bá kọ́kọ́ tú jáde lápá kan, ó ti ti ọta ní ìdí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fò. Kí ìlà kankan tó wọ inú ọ̀pá, ẹnì kan ti dá irin gbọọrọ náà lu láti òpin kan dé èkejì, wọ́n sì ti fi irinṣẹ́ mìíràn tún ojú ihò náà ṣe. Bí ihò bá wọ́, ìlà á wọ́ tẹ̀ lé e. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe págunpàgun, ìlà á jókòó sórí págunpàgun. Mo gbà pé ìdajì ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àṣeyọrí tàbí ìkùnà ọ̀nà ìlà, ọ̀dọ̀ ẹni tó dá ihò lu ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbígbẹ́: ẹ̀dọ̀ lórí òróòro

Ọ̀nà yìí ló pẹ́ jù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Jámánì ti ń ṣe é láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ òde òní ti yàtọ̀ sí tiwọn o, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ kò yí padà: eyín kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n tì bọ inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba inú ihò kọjá, ó ń bó irin díẹ̀ bí ẹni tó ń bó èèpo iṣu lórí ìka ara rẹ̀. Ohun tó ń bó lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí 0.0001 ínǹṣì lọ. Ó bó ti poro kan tán, ó yí sí poro kejì. Kí ọ̀pá kan tó parí, eyín náà lè ti kọjá nínú rẹ̀ ní ìgbà 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì wà tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ tí Pratt & Whitney ṣe ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì; àwọn mìíràn ti gbé iṣẹ́ náà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Krieger àti Bartlein ní Amẹ́ríkà ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù nínú ìdíje ọ̀nà jíjìn.

Èrè rẹ̀ tóbi. Níwọ̀n bí eyín yìí ti ń yọ irin kúrò, tí kì í ti irin wọnú ara rẹ̀, irin náà kò ní ohun tó ń bínú sí. Ẹ lè bó ẹ̀yìn ọ̀pá náà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà, ihò inú rẹ̀ kò ní mira. Wọ́n sì lè ṣe ìyí (bí ìlà ṣe ń yára yí nínú ọ̀pá) èyíkéyìí tí ẹ bá béèrè, títí kan èyí tó ń yí lọ́ra ní ìdí tó wá ń yára bó ṣe ń dé ẹnu.

Ṣùgbọ́n eyín máa ń fi àpá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń da òjé sínú ọ̀pá, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun tó ń họ nǹkan pa òjé náà lára, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ tì í lọ, fà á bọ̀, títí gbogbo inú á fi dán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe é máa ń fi ọwọ́ mọ ibi tó fún, á sì dúró lé ibẹ̀ lórí. Ọ̀pá gbígbẹ́ tí wọn kò dán báyìí kò sàn ju ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú lọ, ohun yòówù kí wọ́n máa wí. Owó rẹ̀ ga, ẹ sì lè dúró fún oṣù mélòó kan kí ó tó kàn yín.

Bọ́tìnnì: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Nǹkan bí ọdún 1940 sí 1950 ni èyí gbilẹ̀. Bọ́tìnnì jẹ́ ẹyọ irin carbide kékeré, ó le gan-an, ó sì tóbi díẹ̀ ju ihò lọ. Wọ́n ti fi ìlà sára rẹ̀ ní òdìkejì: ibi tí ebè wà lára bọ́tìnnì ni poro á wà nínú ọ̀pá. Wọ́n á fà á tàbí kí wọ́n tì í gba inú ihò kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo poro á sì jáde pa pọ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Kò bó irin kankan, ńṣe ló tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ihò tó fi sílẹ̀ máa ń dán bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

Ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà. Irin tí wọ́n fi tipátipá tì kò gbàgbé. Ìfúnpá á kù sínú rẹ̀, tí yóò máa wá ọ̀nà láti tú. Bí irin náà kò bá sì le dọ́gba láti òpin dé òpin, bọ́tìnnì á rìn yára níbi tó rọ̀, á lọ́ra níbi tó le, ìyí ìlà á wá yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń ra irin rere, wọ́n á gbé ọ̀pá sínú ààrò kí iná tú ìfúnpá náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fi òjé dán an. Shilen, Hart àti Lilja ní Amẹ́ríkà, àti Lothar Walther ní Jámánì, gbogbo wọn ló ń lo bọ́tìnnì, ọ̀pá wọn sì ti gba ife nínú ìdíje benchrest, tí wọ́n ń gbé ìbọn lé tábìlì yìn, níbi tí ihò ọta márùn-ún ti máa ń wọ inú ara wọn di ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní bọ́tìnnì kò lè pé, kò tíì dé irú pápá bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ nípa ìfúnpá yìí. Mo ra ọ̀pá bọ́tìnnì kan tó dára, ó sì ń ṣe dáadáa. Mo wá fẹ́ kí ó fúyẹ́, mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò gígùn mẹ́fà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó padà dé, ó rẹwà. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ kóra jọ. Ìkẹrin gòkè díẹ̀ sí ọ̀tún, ìkarùn-ún tún gòkè sí i, ìkẹfà ti kúrò nínú òbìrí àmì pátápátá. Mo dúró kí ó tutù, mo tún bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló ṣe. Nígbà tí mo délé, mo yọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ìbọn náà, mo wá fi ọ̀pá tí a fi ń nu ìbọn rọra ti ẹyọ òjé rírọ̀ kan láti ìdí. Ó ń lọ pẹ̀lú agbára kan náà, ọwọ́ mi ń mọ̀ ọ́n, títí ó fi ku nǹkan bí ìka mẹ́rin kí ó dé ẹnu. Lójijì ó tú lọ́wọ́ mi, ó yọ̀ wọ̀ọ́, ó jábọ́ sílẹ̀. Irin tí wọ́n gbẹ́ kúrò lẹ́yìn ti fún ìfúnpá inú rẹ̀ láyè, ihò sì ti fẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ó ti fẹ̀ rárá. Ọ̀pá náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìlà.

Òòlù: ọmọ ogun tó di ọdẹ

Ọ̀nà kẹta wá láti Jámánì ní àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì. Ìbọn arọ̀jò-ọta MG42 ń yin ọta nǹkan bí 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá rẹ̀ sì ń jẹ tán kíákíá. Wọ́n nílò ọ̀nà tí wọ́n á fi máa ṣe ọ̀pá lọ bí ọ̀gbàrá. Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ GFM ní ìlú Steyr, ní Austria, ló sọ ẹ̀rọ náà di ohun tí gbogbo ayé ń rà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n á ki ọ̀pá carbide tó ní ìlà ní òdìkejì sínú irin tó nípọn, tó kúrú ju bí ọ̀pá tó fẹ́ jáde ṣe gùn lọ. Òòlù mẹ́rin á máa lù ú láti ìta lemọ́lemọ́, irin á máa fún mọ́ carbide, á sì máa gùn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìlà ti wà nínú, ìrísí ìta ti jáde, ilé ọta pàápàá, ìyẹn ibi tí ọta ń jókòó sí ní ìdí ọ̀pá kí wọ́n tó yìn ín, lè jáde pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ráífù Steyr Mannlicher: àpá òòlù tó yí ọ̀pá rẹ̀ ká bí ara ìgbín, wọn kò dán an kúrò, wọ́n fi sílẹ̀ bí àmì ìdílé.

Lílù yìí ń mú kí irin le sí i, ojú ihò á sì dán gan-an. Ọ̀pá òòlù sábà máa ń pẹ́ kí ó tó jẹ, pàápàá bí wọ́n bá fi kírómù bo inú rẹ̀ bí ti àwọn ológun. Ìfúnpá tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn oníìdíje ń sá fún, torí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ti ń fìyà jẹ irin tó báyìí. Ẹ̀rọ náà sì wọ́n débi pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè ní in, kò sì sí ẹni tó máa tún carbide ṣe nítorí oníbàárà kan tó fẹ́ ìyí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òòlù kò lè tọ̀nà. Sako àti Tikka láti Finland ń fi òòlù lu ọ̀pá wọn, àìmọye ráífù wọn ló ń kó ihò ọta jọ láàárín ínǹṣì kan ní 100 yáàdì, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe jáde nínú páálí.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| | Gbígbẹ́ | Bọ́tìnnì | Òòlù |
|---|---|---|---|
| Àkókò tí ìlà ń gbà | wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ | nǹkan bí ìṣẹ́jú kan | ìṣẹ́jú mélòó kan, pẹ̀lú ìrísí ìta |
| Ìfúnpá tó ń kù | kò tó nǹkan | pọ̀, bí iná kò bá tú u | pọ̀ jù lọ |
| Ojú ihò | ó nílò òjé | dán. Òjé á fi kún un | dán gan-an |
| Bíbó ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn ìlà | kò léwu | léwu | kò wọ́pọ̀ |
| Ibi tí ẹ máa rí i jù | ìdíje | ìdíje àti ọdẹ | ọdẹ àti ológun |

Ọ̀nà mìíràn wà o. Broach jẹ́ ọ̀pá eléyín púpọ̀ tó ń gbẹ́ gbogbo poro lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn ìléwọ́ ni ẹ máa bá a jù. Wọ́n tún ń fi iná mànàmáná àti omi oníyọ̀ jẹ irin díẹ̀díẹ̀, bí Smith & Wesson ṣe ń ṣe sí àwọn ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ kan. Ẹni tó ń wá ọ̀pá ráífù kò nílò láti fi ìwọ̀nyí da ara rẹ̀ láàmú.

Kí ẹ tó bínú sí ọ̀nà ìlà

Ìyí ìlà lè ba ayé ọta jẹ́ ju ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é lọ. Ìlà inú ráífù M16A1 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà ń yí lẹ́ẹ̀kan nínú ínǹṣì 12, ó sì tó ọta 55 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó). Nígbà tí wọ́n gba ọta M855 tó gùn tó sì wúwo, 62 grain, ìyí yẹn kò lè mú un dúró mọ́. M16A2 di ẹ̀ẹ̀kan nínú ínǹṣì 7. Ẹ lè ra ọ̀pá gbígbẹ́ tó wọ́n jù láyé. Bí ìyí rẹ̀ bá lọ́ra jù fún ọta yín, ihò tó máa wà lórí páálí àmì á gùn bí kọ́kọ́rọ́, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ọta, kí ẹ tó mú ìyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó máa gbẹ́ ilé ọta. Bí ilé ọta kò bá dojú kọ ihò tààrà, ọta á wọ ìlà ní wíwọ́, kò sì sí ìlà tó lè tún un ṣe. Bí mo bá ní owó ọ̀pá gbígbẹ́ lọ́wọ́, tí n kò sì ní owó àgbà ọ̀mọ̀wé oníṣẹ́ ìbọn, ọ̀pá bọ́tìnnì ni màá rà, màá fi owó tó ṣẹ́kù san ti oníṣẹ́.

Ta ni ẹ?

Bí ẹ bá jẹ́ ọdẹ tó ń yin ọta kan tàbí méjì kí ẹran tó ṣubú, ọ̀pá òòlù tó wà lára ráífù tí ẹ rà ti tó. Ìfúnpá tí gbogbo èèyàn ń pariwo kì í fara hàn nínú ọ̀pá tútù. Ọta àkọ́kọ́ ni tiyín, òun sì ni kí ẹ máa dán wò: ọta kan láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí páálí kan náà fún ọjọ́ márùn-ún.

Ẹni tó ń yin ọ̀pọ̀ ọta léraléra, tí ìbọn rẹ̀ máa ń gbóná, òòlù náà ni n óò sọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀pá náà nípọn díẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ wọ ìdíje, tí kò tíì ní owó púpọ̀, kí ó ra bọ́tìnnì láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi òjé dán an, kí ó sì ní kí wọ́n bá a bó ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìwọ̀n tó fẹ́ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pá máa ń jẹ tán. Ọ̀fun rẹ̀, níwájú ilé ọta gan-an, ni ẹ̀tù ń jó. Ọ̀pá .308 lè gbé nǹkan bí ọta 5,000 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, ọ̀pá tó ń yin irú ọta tí wọ́n ń pè ní 6.5-284 lè má ju nǹkan bí 1,000 sí 1,500 lọ. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀pá lọ́dọọdún yẹ kí ó fi èyí ṣírò owó rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni mo lè ní kí èèyàn ra gbígbẹ́? Nígbà tí ó bá fẹ́ ìyí tí kò sí nínú àtẹ, nígbà tí ó bá fẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí oníkòtò tí kò ní yí ìwà padà, tàbí nígbà tí ó ti ń yìnbọn dáadáa débi pé páálí rẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ náà hàn. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀pá gbígbẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kò ní fi pamọ́. Àmọ́ ìgbà tí mo yìn ín fún ọdún kan ni mo tó rí ohun tí mo san owó lé lórí.

Ohun tí ẹ máa bi olùtajà

Ẹ bi í bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ihò náà láti òpin dé òpin, kí ni nọ́ńbà tó jáde, àti apá ibo ló fún jù. Ẹ bi í ìgbà tí wọ́n gbé irin wọ ààrò, bóyá ṣáájú ìlà ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi í bóyá wọ́n fi òjé dán an, àti ta ni. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rere á dáhùn kí ẹ tó béèrè tán. Ẹni tó bá ń tún ọ̀rọ̀ “ọ̀nà wa ló dára jù” sọ láìdáhùn ìkan nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọ̀pá bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má fi ọta mẹ́ta dájọ́. Ọta mẹ́ta lè kóra jọ nínú ọ̀pá burúkú lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ yin mẹ́wàá léraléra, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń wọlé. Bí ihò mẹ́wàá bá fọ́n ká yípo ojú kan, ọ̀rọ̀ ọta tàbí ti ọwọ́ yín ni, ẹ ṣì lè tún un ṣe. Bí ìkíní dé ìkẹta bá wà nísàlẹ̀, tí ìkẹrin dé ìkẹfà wà láàárín, tí àwọn tó kù sì ń tò lọ sókè bí èèrà, irin yẹn ń yí bó ṣe ń gbóná. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á, kí ẹ sì mú páálí náà dání.